Fọ́tò Tí Kò Gbọdọ̀ Jẹ́wọ́

Kí Nọ́ọ̀sì Lucy tó jókòó, ó kọ́kọ́ fa aṣọ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà bo ojú títì. Olútóyìn tó ń nu eruku lára kámẹ́rà rẹ̀ gbójú sókè. Ó yà á lẹ́nu, nítorí ọ̀sán gangan ni, ooru sì mú bí ẹni pé wọ́n dáná sábẹ́ ilẹ̀.

"Àǹtí Tóyìn, ẹ dákun, ẹ bá mi yọjú wo títì. Ṣé Múrítàlá wà níbẹ̀?"

Olútóyìn ṣí aṣọ náà díẹ̀. Ní òdìkejì títì Ikotun, níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gan-an, ni àwọn oní-típà máa ń tò sí de àwọn tó ń wá ra yanrìn. Ó wo ọkọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Mi ò rí i. Ó jọ pé ó ti rí iṣẹ́ lọ. Kí ló dé, Nọ́ọ̀sì?"

Lucy mí kanlẹ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Òun ló gbẹ̀bí ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń sáré kiri àdúgbò náà, kó tó di pé ó kó kúrò ní Ikotun, tí kò sì sọ ibi tó ń kó lọ fún ẹni púpọ̀.

"Ọ̀dọ̀ mi ni Hàbíbátù wà," ó wí.

Kámẹ́rà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Olútóyìn. Ta ni kò gbọ́ ọ̀rọ̀ Hàbíbátù lọ́dún 1989 yẹn? Ìyàwó Múrítàlá ni. Òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré ṣàdédé di àwátì, ọkọ rẹ̀ sì ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé orí obìnrin náà ti dàrú, pé òun ti gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú wèrè lọ́nà Ọ̀tà, pé wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀ kó má baà ṣe ara rẹ̀ ní jàǹbá. Gbogbo ayé ló bá a kẹ́dùn. Olútóyìn náà bá a kẹ́dùn. Lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà sunkún níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òun ló gbé àga fún un, tó bu omi tútù fún un mu.

"Irọ́ ló pa," Lucy ní. "Orí Hàbíbátù pé ju tèmi lọ. Lílù ló sá fún. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́jọ́ tó kan ilẹ̀kùn mi. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí níbẹ̀."

Ó wá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Bàbá Hàbíbátù wà ní Ìbàdàn, àgbàlagbà tí àrùn ẹsẹ̀ ti dá mọ́lé. Ó gba àna rẹ̀ gbọ́ tọkàntọkàn. Lucy ti ránṣẹ́ sí i pé àlàáfíà ni ọmọ rẹ̀ wà, pé kó rán àwọn àgbà ẹbí wá gbé e. Bàbá ní ẹnu dùn-ún ròfọ́, pé ìgbà tí ojú òun bá rí ọmọ òun ni òun tó lè gbà.

"Fọ́tò ló kù," Lucy ní. "Àmọ́ Múrítàlá ò jìnnà sílé bàbá yẹn. Gbogbo ìgbà tó bá ti gbẹ́rù lọ sí Ìbàdàn ló máa ń yà síbẹ̀. Ohun tí bàbá bá rí, òun náà á rí i. Ẹ bá mi ya fọ́tò tó máa fi Hàbíbátù hàn kedere, àmọ́ tí kò ní jẹ́wọ́ ibi tó wà."

"Ìyẹn ò le jàre. Kó wá síbí, mo ní aṣọ tí mo máa ń ta sẹ́yìn oníbàárà."

Lucy kàn yí ojú sí ọ̀nà títì, níbi tí àwọn típà wà. Olútóyìn gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Ó rò ó wò. Iwájú àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ni oúnjẹ òun wà. Bí wọ́n bá mọ̀ pé òun ti ọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ tọkọtaya, wọn ò ní jẹ́ kí òun gbádùn. Ẹni tó bá sì ní "rárá, n kò ṣe," kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n omi tútù tó bù fún Múrítàlá ń dùn ún nínú, bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló mu májèlé.

"Níbo lẹ wà báyìí?" ó béèrè.

"Egan," Lucy wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Olútóyìn fi gèlè wé kámẹ́rà rẹ̀, ó gbé e sí ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, ó to ọsàn lé e lórí. Ó wọ bọ́ọ̀sì dé Igando, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ láti ibẹ̀, tó ń wẹ̀yìn bó bá ti rìn díẹ̀. Nígbà yẹn, igbó pọ̀ ju ilé lọ ní Egan. Ilé tí Lucy háyà wà ní ìkángun, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ sì kọjú sí oko ẹ̀gẹ́ kan tó lọ rẹrẹẹrẹ.

Ìyẹn ni kò tẹ́ Olútóyìn lọ́rùn. Ní ìkọjá oko náà, táǹkì omi ńlá kan dúró lórí irin gíga, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ pupa àti funfun. Kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà. Ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan, bó bá rí táǹkì yẹn nínú fọ́tò, á ní Egan nìyí. Múrítàlá sì ti já yanrìn síbẹ̀ rí. Apá kejì kò dára jù ú lọ: fèrèsé àwọn aládùúgbò ni, ojú sì wà ní fèrèsé.

Hàbíbátù jáde wá, ó kúnlẹ̀ kí i. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ọmọbìnrin rẹ̀, Mọ̀dínátù, rọ̀ mọ́ ọn ní etí aṣọ.

"Hàbíbátù, mo bẹ̀ ọ́," Olútóyìn ní, "jẹ́ kí a ta aṣọ sí ẹ lẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì ní aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun. Kíá la máa parí."

Hàbíbátù mi orí. "Àǹtí, ẹ má bínú. Ó ti sọ fún bàbá mi pé wọ́n dè mí mọ́ inú ilé. Bí bàbá mi bá rí aṣọ lẹ́yìn mi, á béèrè pé kí ni wọ́n fi aṣọ bò. Bó bá rí ojú mi nìkan, á ní ẹsẹ̀ mi ńkọ́. Mo fẹ́ kó rí ìta gbangba. Mo fẹ́ kó rí ọwọ́ mi, kó rí ẹsẹ̀ mi, kó mọ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Kò gbé ohùn sókè, kò sì sunkún. Olútóyìn rí i pé ẹni tó sọ̀rọ̀ báyìí ti rò ó títí kó tó sọ ọ́.

Ó ku kámẹ́rà. Kámẹ́rà àlòkù lásán ni, lẹ́ńsì kan ṣoṣo ló sì ní. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Sùúrùlérè ti sọ fún un pé kì í ṣe owó ló ń mú ẹ̀yìn fọ́tò di kùrukùru. Ó ní kó la ojú lẹ́ńsì sílẹ̀ gbàgàdà, nítorí bí ojú náà bá là tán, ohun tó bá tẹjú mọ́ nìkan ni yóò rí, ìyókù á yọ́ dànù bí ìkùukùu. Ó ní kó sún mọ́ ẹni tó ń yà, kí ó sì jẹ́ kí ẹ̀yìn ẹni náà jìnnà sí i.

Ó mú Hàbíbátù dúró ní etí oko. Ó la ojú lẹ́ńsì, ó fojú sí kámẹ́rà. Kí ó lè rí Hàbíbátù látorí dé ẹsẹ̀, ó ní láti fà sẹ́yìn. Bó sì ti ń fà sẹ́yìn ni táǹkì ń mọ́ sí i, ó fẹsẹ̀ irin rẹ̀ dúró lẹ́yìn ejìká obìnrin náà bí ẹlẹ́rìí. Ó sún mọ́ ọn. Táǹkì yọ́, ẹsẹ̀ Hàbíbátù náà sì pòórá kúrò nínú fọ́tò.

"Kò ṣeé ṣe?" Lucy béèrè láti ẹnu ọ̀nà. Ìka rẹ̀ ń lọ́ etí aṣọ rẹ̀.

"Ẹ fún mi láyè ná."

Òùngbẹ ń gbẹ Olútóyìn. Ó tún wo Hàbíbátù. Ẹni tó gùn ni, ìdí nìyẹn. Bí orí àti ẹsẹ̀ bá lè wà nítòsí ara wọn, òun á lè sún mọ́ méjèèjì pọ̀.

"Jókòó," ó ní. "Wá nǹkan kúkurú jókòó lé. Ká ẹsẹ̀ rẹ sókè, kí orúnkún rẹ wà nítòsí àyà. Gbé ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ."

Lucy sáré wọlé, ó gbé àpótí pákó kan jáde. Hàbíbátù jókòó lé e, ó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Olútóyìn kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀, ó sún mọ́ ọn títí ó fi ń gbọ́ èémí rẹ̀. Ó wò ó: ojú, ọwọ́, ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló wọlé. Táǹkì ti di àbàwọ́n pupa kan tí kò ní orúkọ.

Ṣùgbọ́n oòrùn ò gbà. Fíìmù tó wà nínú kámẹ́rà jẹ́ irú èyí tó máa ń tètè gba ìmọ́lẹ̀, èyí tó ń lò fún òde inú ilé. Pẹ̀lú ojú lẹ́ńsì tó là gbàgàdà nínú oòrùn yẹn, ìmọ́lẹ̀ á wọlé ya bí omi, ojú èèyàn á jóná dànù lórí fíìmù. Bó bá sì dín ojú lẹ́ńsì kù, táǹkì á padà wá. Ó wo ojú ọ̀run. Kò sí àwọsánmà kankan tó lè ṣíji bò wọ́n.

Ibi tó ti ń rò ó ni ìró ńlá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ láti ojú ọ̀nà, ìró ẹ́ńjìnnì típà tó ń gun òkè.

Hàbíbátù dìde kíá. Ó kàn gbá ọmọ mọ́ra, ó sì ti wà nínú ilé kí Olútóyìn tó dìde. Lucy ti ilẹ̀kùn. Olútóyìn nìkan ló kù lẹ́yìnkùlé, òun àti kámẹ́rà àti àpótí òfìfo. Ó gbé kámẹ́rà sábẹ́ aṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọsàn, ó ń gé èèpo pọ̀ mọ́ ara. Ìró náà dé iwájú ilé. Ó dún, ó dún, ó sì kọjá lọ.

Ó pẹ́ kí ilẹ̀kùn tó ṣí.

"Kì í ṣe tiẹ̀," Hàbíbátù ní, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn. "Mo mọ ohùn tiẹ̀. Kódà bí mo bá ń sùn, mo mọ̀ ọ́n."

Ìgbà yẹn ni Olútóyìn rí gọ́gùsì dúdú tí Lucy kọ́ sí ọrùn aṣọ rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi mú un wá!" Ó na ọwọ́, ó gbé ojú kan lára gọ́gùsì náà bo ẹnu lẹ́ńsì, ó fi àtàǹpàkò dì í mú kó má yẹ̀. Ó wo inú kámẹ́rà. Ayé ṣú bí ìgbà tí òjò fẹ́ rọ̀. Ojú lẹ́ńsì là tán, síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ò pọ̀ jù mọ́.

"Jókòó padà. Wo ojú mi. Má rẹ́rìn-ín bí ẹ̀rín ò bá wá."

Ẹ̀rín ò wá. Ṣùgbọ́n Mọ̀dínátù, tí ìjókòó ti sú, bẹ̀rẹ̀, ó sì di àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú, ó ń fà á. Hàbíbátù wo ọwọ́ ọmọ náà, nǹkan kan sì rọ̀ lójú rẹ̀. Ó gbójú sókè. Olútóyìn tẹ kámẹ́rà. Ó yí fíìmù, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́, kò dáwọ́ dúró títí fíìmù náà fi tán.

Dáàkúrúùmù Olútóyìn, níbi tó ti ń fọ fíìmù nínú òkùnkùn, kò ju yàrá pákó kékeré kan lọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, tí fíìmù ti gbẹ, ó gé e wẹ́wẹ́, ó tan gílóòbù pupa, ó sì fi èyí tó wù ú jù sínú ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán orí fíìmù sórí pépà. Ó tan iná ẹ̀rọ náà, ó pa á. Ó ti pépà náà sínú omi kẹ́míkà, ó ń mi abọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Hàbíbátù ń yọ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti inú funfun: irun, ojú, ọwọ́ lórí orúnkún, ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀. Lẹ́yìn wọn, kùrukùru lásán. Oko kò sí, táǹkì kò sí. Inú Olútóyìn dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò dáa tó báyìí rí.

Ó wá rí i. Ní apá òsì nísàlẹ̀, lára àpótí pákó náà, lẹ́tà funfun ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó tẹrí ba, ó kà á. ẸGBẸ́ ÌYÁ ÌJỌ, EGAN. Lucy ti gbé e wálé láti ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí ẹni tó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà náà mọ́ kedere, nítorí pé ó wà nítòsí ibi tí lẹ́ńsì tẹjú mọ́. Ẹ̀yìn ni òun ń ṣọ́ látàárọ̀, òun ò ṣọ́ iwájú.

"Àǹtí Tóyìn!"

Ohùn Múrítàlá ni, nínú ṣọ́ọ̀bù.

"Mò ń ṣiṣẹ́ o!" Olútóyìn kígbe. "Ẹ má ṣílẹ̀kùn, ìmọ́lẹ̀ ò gbọdọ̀ wọlé!"

Ilẹ̀kùn ṣí. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wọlé ya gààràgà, pépà inú abọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú lójú wọn, láti etí dé àárín, títí ojú Hàbíbátù àti lẹ́tà funfun náà fi jọ di dúdú bí èédú.

Múrítàlá ti ọwọ́ bọ inú abọ́, ó fà á jáde. Ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kò rí nǹkan kan. Ó jù ú sílẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn méjèèjì. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ ni, yàrá náà sì kéré. Òórùn epo díísù ọkọ̀ ló gba ibẹ̀ kan.

"Àǹtí Tóyìn, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Bí mo ti ń darí bọ̀ láti ibi iṣẹ́ níjẹta, mo rí nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí ìyàwó mi. Ọ̀dọ̀ yín ló ti jáde lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ti ṣọ́ọ̀bù pa, ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ dání. Ta lẹ lọ yà?"

"Iṣẹ́ oníbàárà ni."

"Oníbàárà wo?"

Olútóyìn bẹ̀rẹ̀ láti ṣa pépà dúdú náà nílẹ̀. Múrítàlá wo yíká. Ó rí fíìmù tó wà nínú ẹ̀rọ, ó fà á yọ, ó gbé e sókè mọ́ gílóòbù pupa. Nǹkan bíńtín ni, irun funfun, ojú dúdú, bí fíìmù ṣe máa ń yí àwọ̀ padà, bí ìwin. Ó wò ó títí. Lójijì ni ẹnu rẹ̀ là díẹ̀.

"Mọ̀dínátù nìyí," ó wí. "Orí ọmọ mi nìyí."

Ó yí padà. Kámẹ́rà Olútóyìn wà lórí sẹ́ẹ̀fù. Ó gbé e, ó fi okùn rẹ̀ kọ́ ìka kan ṣoṣo, ó sì jẹ́ kó máa mì jòlò lókè símẹ́ńtì.

"Tẹ̀ ẹ́ jáde," ó ní. "Ní ìṣojú mi. Kí n rí i dáadáa."

Kò pe "ẹ" mọ́. Olútóyìn gbọ́ ọ, ìbẹ̀rù sì wọ inú egungun rẹ̀ ju bí ì bá ti wọ̀ ọ́ bí ọkùnrin náà bá gbé ọwọ́ sókè lọ.

Ó fẹ́ kọ̀. Ó tilẹ̀ la ẹnu láti kọ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ sáré ṣáájú ẹnu rẹ̀: bí òun kò bá tẹ̀ ẹ́, ọkùnrin yìí á mú fíìmù náà lọ bá fótògíráfà mìíràn ní Egbeda, ìyẹn á sì tẹ gbogbo rẹ̀ láìmọ nǹkan kan, àtàpótí àtorúkọ. Ó sàn kó jẹ́ ọwọ́ òun.

"Mú un wá," ó ní. "Fara balẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà mi."

Ó fi fíìmù padà. Ó mú pépà tuntun, ó tẹ́ ẹ. Múrítàlá sún mọ́ ọn lẹ́yìn tó fi ń mí sí i lọ́rùn. Olútóyìn mọ̀ pé gbàrà tí iná ẹ̀rọ bá tàn, àwòrán ńlá náà á hàn lórí pépà, ẹni tó bá mọ̀wé á sì lè rí lẹ́tà. Kí ó tó tan iná, ó ti na ọwọ́ òsì rẹ̀ síbi tó mọ̀ pé àpótí máa wà. Ó tan án. Àwòrán já lu pépà, àpótí sì já lu ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ọwọ́ náà díẹ̀díẹ̀, kí àlà rẹ̀ má baà hàn.

"Kí ni ọwọ́ rẹ ń wá níbẹ̀?"

"Bí mi ò bá gbọ̀n ọ́n, á ṣú jù. Iṣẹ́ ni."

"Gbé e kúrò."

"Ṣé o fẹ́ rí ọmọ rẹ àbí o ò fẹ́? Bí mo bá gbé e kúrò, á bàjẹ́ bíi ti àkọ́kọ́ tí o fi ilẹ̀kùn bàjẹ́."

Kò mọ ibi tí ohùn yẹn ti wá. Múrítàlá fà sẹ́yìn díẹ̀. Olútóyìn pa iná, ó sì gbé pépà bọ kẹ́míkà. Àwọn méjèèjì tẹrí ba lórí abọ́ náà bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ń sùn.

Hàbíbátù tún yọ jáde. Ọmọ náà yọ jáde. Olútóyìn ò wo wọn. Igun apá òsì ló ń wò. Igun náà wà ní funfun. Ó ń retí kí lẹ́tà kan yọ, kò yọ. Funfun náà kàn gun òkè lọ bí ọyẹ́, ó sì dara pọ̀ mọ́ kùrukùru ẹ̀yìn.

Bó ti ń fọ pépà náà, ó fi ọwọ́ kejì yọ fíìmù kúrò nínú ẹ̀rọ, ó tì í sínú ìró rẹ̀. Nígbà tí Múrítàlá sọ pé, "Fíìmù náà ńkọ́?" ó nawọ́ èyí tó sún mọ́ ọn sí i, apá kan fíìmù òde ìsọmọlórúkọ kan tó lọ yà ní Ikotun. Ọkùnrin náà kò kàn tì í sápò láìwò. Ó gbé e sókè, ó rí àwọn ìwin kéékèèké. Ó tì í sápò.

Wọ́n jáde sínú ṣọ́ọ̀bù, sínú ìmọ́lẹ̀. Múrítàlá gbé kámẹ́rà lé orí tábìlì, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú fọ́tò náà, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Ó yí i sí ìmọ́lẹ̀.

"Ó ti sanra," ó ní.

Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ kúrò lára ìyàwó rẹ̀, ó lọ sẹ́yìn. Ó gbé dígí tí Olútóyìn fi ń wo nǹkan tín-ín-rín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀yìn fọ́tò náà kiri láti igun dé igun. Olútóyìn di etí tábìlì mú.

"Ibo nìyí? Kí ló dé tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí báyìí? Èéfín ni?"

"Kámẹ́rà mi ò dáa tó," Olútóyìn ní. "Ìwọ náà rí i, àlòkù ni. Ohun tó bá ti jìnnà díẹ̀, kò rí i mọ́." Iṣẹ́ tó fi ń yangàn nínú òkùnkùn ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ ló ń bà á lórúkọ jẹ́, inú rẹ̀ sì dùn láti bà á jẹ́.

"Mo ní ibo nìyí?"

"Gowon Estate ni nọ́ọ̀sì ti pàdé mi. Ìyókù, mi ò mọ̀ ọ́n. Ilé pọ̀ níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló jọra."

Múrítàlá wò ó lójú títí. Ó ká fọ́tò náà mọ́ àyà, ó sì jáde. Olútóyìn gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì típà dún, tó sì forí lé ọ̀nà Egbeda, níbi tí Gowon Estate wà. Ìgbà yẹn ni ó tó yọ fíìmù inú ìró rẹ̀ jáde. Ó jókòó sórí símẹ́ńtì, ó gbé e sókè wò bóyá kò há.

Ó tẹ fọ́tò mìíràn lọ́sàn-án yẹn kan náà, pẹ̀lú ọwọ́ lórí igun òsì, ó sì gbé e lọ bá Lucy. Lucy wá ẹni tó ń lọ sí Ìbàdàn.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò rò ni Múrítàlá fúnra rẹ̀ ṣe. Ó gbé fọ́tò rẹ̀ dání, ó ń lọ láti bílọ́ọ̀kù dé bílọ́ọ̀kù ní Gowon Estate, ó ń bi èèyàn bóyá wọ́n mọ obìnrin yìí. Kò rí i níbẹ̀. Ó padà sí Ikotun, ó tún ń fi han àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Àgbà awakọ̀ kan, Jàfárù, tí òun náà jẹ́ ará Ìbàdàn, gba fọ́tò náà, ó wò ó dáadáa, ó sì ní, "Múrítàlá, ìwọ lo sọ fún wa pé wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè é. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ọmọ fi ń ṣeré yìí. Ìta gbangba ló sì jókòó sí. Wèrè wo nìyí?"

Múrítàlá gba fọ́tò náà padà. Ṣe ni àwọn tó wà níbẹ̀ ń wo ilẹ̀. Nígbà tí fọ́tò ti Lucy fi máa dé ọwọ́ bàbá ní Ìbàdàn, Jàfárù ti ṣáájú rẹ̀ sọ ohun tó rí fún ẹbí. Bàbá náà na ọwọ́ gbà á. Ó gbé fọ́tò sún mọ́ ojú, ó fi ìka tọ́ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n pe àwọn àbúrò òun wá. Àwọn àgbà ẹbí ló wá gbé Hàbíbátù àti Mọ̀dínátù ní Egan, wọ́n sì wọ ọkọ̀ lọ kí ọ̀rọ̀ tó di ariwo. Ìgbà tí Múrítàlá lọ sí Ìbàdàn láti lọ tọrọ ìyàwó rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti dá a padà.

Kò bá Olútóyìn jà. Ó ṣì ń gbé típà rẹ̀ sí òdìkejì títì, ṣùgbọ́n ó máa ń yí ojú rẹ̀ kúrò ní ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà. Olútóyìn pàápàá kì í dá wà nínú dáàkúrúùmù mọ́ láìjẹ́ pé ó ti fi irin ti ilẹ̀kùn náà. Bí típà kan bá dún lójijì, ọwọ́ rẹ̀ máa ń dúró sórí ohun tó bá ń ṣe.

Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá. Ní ọjọ́ kan tí òjò ń ṣú, Múrítàlá ré títì kọjá, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kò wọlé. Ó ti rù.

"Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí Tóyìn."

"O ṣeun."

"Wọ́n ní Hàbíbátù àti ọmọ mi ò sí nílé bàbá mọ́. Wọ́n ní ó ti rí iṣẹ́, ó ti kó lọ." Ó wo ọ̀nà títì. "Mi ò ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ibo ni wọ́n wà?"

Olútóyìn gbé ojú sókè, ó wò ó. Lucy ti sọ fún un pé Hàbíbátù kọ̀ láti sọ ìlú tó ń lọ fún ẹnikẹ́ni ní Èkó, títí kan Lucy pàápàá.

"Mi ò mọ̀," ó ní.

Múrítàlá dúró díẹ̀ sí i, ó ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó ń wá irọ́ níbẹ̀. Kò rí i, nítorí kò sí níbẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ó yí padà, ó sì rìn lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀ láìsáré.